Òrùlé tí ìjì ká ní Oníkòlòbó: ohun tí adójútòfò san àti ohun tí kò san

Lẹ́tà tí iléeṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì, kọ sí Màmá, ìyá àgbà kan tó nílé ní Oníkòlòbó ní Abẹ́òkúta, kò gùn. Wọ́n kí i, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n wá sọ pé àwọn kò ní san owó òrùlé tí ìjì ká lọ, torí pé gbígbó àti àìtọ́jú ló ba òrùlé náà jẹ́, pọ́lísì tó ní, ìyẹn ìwé àdéhùn adójútòfò rẹ̀, kò sì bo ohun tó bá gbó fúnra rẹ̀. ₦3,450,000 ni Màmá bèèrè. Wọn kò fẹ́ san kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí, ₦745,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀. Bí a ṣe kúrò ní òdo tí a fi dé iye yẹn, àti ìdí tí kò fi lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni mo fẹ́ kọ síbí. Irú òrùlé Màmá pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti dúró lórí Òkè Olúmọ wo ìsàlẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí: páànù tó ti dógùn-ún, tó pọ́n bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láti Ìjẹ̀mọ̀ lọ títí ojú kò fi rí i mọ́.

Alágbàtà adójútòfò ni mí, àwọn tí ará ìlú ń pè ní búrókà. Èmi kọ́ ni mo ta pọ́lísì yìí. Ìgbà tí lẹ́tà yẹn dé ni ọmọ Màmá wá mi kàn. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìdílé náà mọ̀, n kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ ọ̀hún.

Ilé náà

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Ilé ilẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé kọ́ sí Oníkòlòbó ní 1982: pálọ̀ kan, yàrá mẹ́rin, ṣọ́ọ̀bù méjì tó kọjú sí títì. Páànù ayé ọjọ́un, èyí tó nípọn dáadáa, ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀, igi tó le bí irin ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n tún ilé ìdáná kọ́, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, wọ́n sì ká páànù orí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn kúrò, wọ́n fi igi tuntun àti páànù tuntun bò wọ́n. Ti iwájú kò kúrò níbi tó wà láti 1982. Bó bá jò, Màmá á pe ọkùnrin kan tó ń ṣe káfíńtà ládùúgbò, yóò gun òkè, yóò fi kọ́ltà dí ibi tó lu. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún dí ibòmíràn.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló ra pọ́lísì ní 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti rà á. ₦12,000,000 ló ní ilé tó, ₦2,000,000 ló ní ẹrù inú rẹ̀ tó. Fọ́ọ̀mù bi í pé ṣé ilé náà wà ní ipò tó dára, ṣé wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò pe ìyá rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, iléeṣẹ́ náà kò sì rán ẹnikẹ́ni wá wo ilé. Láti ìgbà náà, oṣù kìíní ọdọọdún ló ń san owó rẹ̀, iye kan náà, láìyí ohunkóhun padà. Nígbà tí wọ́n wá mi kàn, rísíìtì owó ọdún 2024 ni mo kọ́kọ́ béèrè, torí òfin adójútòfò ọdún 2003, abala 50, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: tí owó kò bá wọlé, kò sí ìdáàbòbò. Rísíìtì wà. Iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ ni onílé ń bẹ̀rù, kì í ṣe òjò oṣù keje tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ooru á mú títí, ojú ọ̀run á ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dé pẹ̀lú eruku, òjò á tó wá tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣáájú yẹn ló ń ká òrùlé.

Irú rẹ̀ ló jà ní Oníkòlòbó ní ìparí oṣù kẹta 2024. Ó wó igi máńgòrò kan lulẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn àdúgbò, ó gbé àtíbàbà mẹkáníìkì lọ, ó sì ṣí orí ilé kan tó wà ní ìkángun òpópónà. Ní ilé Màmá, ẹ̀yìn ló ká: páànù mọ́kànlá pẹ̀lú igi tí wọ́n kàn wọ́n mọ́ ló fò lọ bá ògiri ilé kejì. Òjò wá bọ́ sínú yàrá méjèèjì. Tímùtímù, aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti fáànù, gbogbo rẹ̀ wẹ̀.

Iwájú kò ṣí. Ṣùgbọ́n omi gba orí pálọ̀ wọlé, sílíǹgì gbà á títí tí kò lè gbà á mọ́, ó já lulẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n àti àga. Omi náà dé ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ayálégbé kan ti ń kó adìrẹ jọ kó tó gbé wọn lọ sí ọjà Ìtòkú.

Ẹ fọkàn sí i pé òrùlé tuntun ló fò, ti àtijọ́ ló dúró. Gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e wà nínú gbólóhùn yẹn.

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó dúró ní títì, ó ya fọ́tò iwájú ilé, ó wọ pálọ̀, ó ya sílíǹgì tó já, ó bi Màmá pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé. Màmá, olùkọ́ tí kì í parọ́, dá a lóhùn pé 1982. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Kò dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo ka ìwé tí wọ́n fi ti lẹ́tà náà lẹ́yìn, gbogbo fọ́tò tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti iwájú: kọ́ltà lórí páànù, ìṣó tó ti jẹ tán, àbàwọ́n omi lára sílíǹgì. Wọ́n fi àìsàn iwájú dá ẹjọ́ ẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá kan níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Inú ọmọ Màmá pẹ̀lú kò dùn sí mi, torí mo sọ fún òun náà pé kíléèmù tó kọ, ìyẹn owó òfò tó béèrè, ti pọ̀ jù. Ó ti kọ gbogbo òrùlé pọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn àti sílíǹgì, ₦2,600,000. Ó kọ gbogbo ẹrù pọ̀, ₦850,000. Lójú tirẹ̀, ìjì jà, ilé bàjẹ́, ìnṣọ́ráǹsì wà, kí wọ́n san. Iléeṣẹ́ ní tiwọn ń sọ pé ilé ti gbó, kò sí ohun tó kàn wá. Àwọn méjèèjì mú ilé náà bí ẹyọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òfò méjì ló ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan.

Ohun tí a rí lórí àkàbà

Mo kọ̀wé pé a kò fara mọ́ ìdájọ́ wọn, mo sì béèrè pé kí wọ́n rán aṣèwádìí òfò tó níwèé àṣẹ wá, èyí tí a máa ń pè ní àdíjọ́stà. NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Lóòótọ́, iléeṣẹ́ ló ń sanwó iṣẹ́ wọn, àwọn ènìyàn sì máa ń fura sí wọn nítorí ẹ̀. Èyí tó wá láti Èkó yìí kò fún wa nídìí láti fura. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ ti iṣẹ́, ó béèrè àkàbà.

Ìyá àgbà ní kó kọ́kọ́ jókòó mu omi. "Màmá, ẹ ṣé, ma. Ẹ jẹ́ kí n ti òkè dé."

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gùn. Ráfítà méje ló gbé apá ibẹ̀ ró. Mẹ́fà nínú wọn ló kán, ojú ibi tí wọ́n ti kán sì funfun, ó la gẹ́gẹ́ bí igi tútù ṣe ń la, kò dúdú, kò rà. Èyí túmọ̀ sí pé agbára kan ló kán wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ti keje ní ọ̀nà ikán lára, amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara ògiri gòkè. Igi yẹn ti rọ̀ nínú.

Ó wá béèrè páànù tó fò. Ọpẹ́lọpẹ́ káfíńtà tó ti sọ fún Màmá pé kó má tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n ti wá ná an lẹ́ẹ̀mejì. Páànù mọ́kànlá náà wà ní ìdí ògiri, àwọn kan ṣì ní igi lára. Àdíjọ́stà náà yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bi káfíńtà náà léèrè:

"Bàbá, ìṣó wo lẹ lò níbí?"

"Ìṣó páànù ni, ọ̀gá, èyí tó ní rọ́bà lábẹ́ orí. Mo kàn án pọ̀."

"Mo rí i. Ìṣó kò jáde, igi ló já tẹ̀ lé e."

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló yí ẹjọ́ padà. Tí ìdógùn-ún bá ti jẹ páànù, ihò ìṣó á ti fẹ̀, páànù nìkan ni afẹ́fẹ́ á fà yọ, orí ìṣó á kù lára igi. Níbí, páànù di ìṣó mú, ìṣó di igi mú, afẹ́fẹ́ ló borí igi. Ó fi ibi tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé hàn wá pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ilé kọjú sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n fẹ ilé ìdáná, wọ́n na etí òrùlé jáde gan-an kó lè bo ibi tí wọ́n ń dáná igi sí, wọn kò sì fi sílíǹgì dí abẹ́ rẹ̀. Ìjì wọ abẹ́ etí òrùlé yẹn, ó ń tì í láti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń kọjá lórí ń fà á sókè. Òrùlé iwájú kò ní irú etí bẹ́ẹ̀, ògiri ẹ̀yìn sì ń dáàbò bò ó. Ìdí nìyẹn tí arúgbó fi dúró tí ọ̀dọ́ ṣubú.

Iwájú yá. Níbẹ̀, n kò lè jà fún Màmá. Ìṣó ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn kò lórí mọ́. Kọ́ltà wà lórí kọ́ltà. Àdíjọ́stà fi ọ̀bẹ ṣí ọ̀kan, ó ka ìpele mẹ́rin. Ní ìsàlẹ̀, ó gbé èyí tó kù nínú sílíǹgì pálọ̀, ó fi òrùka àbàwọ́n omi hàn wá, òrùka nínú òrùka, àwọ̀ búráùn. Òjò kan kì í ya òrùka márùn-ún. Ibi tí omi ti ń wọlé fún ọdún púpọ̀ nìyẹn, tí ó ń gbẹ, tí ó tún ń wọlé.

Màmá ń wò ó. "Ọmọ mi, ṣé òjò kò bá ìjì náà wá ni?"

"Ó bá a wá, Màmá. Ṣùgbọ́n ìjì kọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un níbí."

Mo rò pé ìdáhùn yẹn tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú pọ́lísì rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú ọ̀pọ̀ pọ́lísì ilé: omi òjò tó bá ba ẹrù jẹ́ nínú ilé, wọn yóò san án tó bá jẹ́ pé ìjì ló kọ́kọ́ la ojú ibi tí omi náà gbà wọlé. Tí ojú náà ti wà kí ìjì tó dé, òfò onílé ni. Ògbó, ìdógùn-ún, ikán, jíjò díẹ̀díẹ̀, a kì í ta ìdáàbòbò fún wọn, torí pé wọn kì í ṣe àgbákò. Ohun tó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n. Òjijì ni adójútòfò ń tà.

Ráfítà tí ikán jẹ ni iléeṣẹ́ náà gbá mú nígbà tí ìròyìn àdíjọ́stà dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ní ikán ló dá òrùlé dẹ̀. Àdíjọ́stà fúnra rẹ̀ ló dá wọn lóhùn: ọ̀kan nínú méje ló ní ikán, apá ìkángun ló sì wà, mẹ́fà tó le kán, ilé mìíràn ní òpópónà kan náà ṣí ní ìrọ̀lẹ́ kan náà. A kì í béèrè bóyá ohun kan ṣe dáadáa pátápátá kí àgbákò tó dé. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ni ó fa òfò yìí gan-an? Ìjì ni. Ó yọ iye ráfítà kan yẹn kúrò nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ ikán sì parí síbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù

Wọ́n ṣì ní ọfà kan lápó. Wọ́n kọ̀wé pé ọmọ Màmá parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, pé ó ní wọ́n ń tọ́jú ilé, nítorí náà pọ́lísì náà kò dúró rárá. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Òótọ́ inú ni ìpìlẹ̀ adójútòfò. Ẹni tó bá fi ohun tó ṣe pàtàkì pa mọ́ lè pàdánù gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ìjì ṣe.

Ohun tí mo kọ padà nìyí. Abala 54 nínú òfin 2003 sọ pé tí iléeṣẹ́ bá fún ènìyàn ní fọ́ọ̀mù, àwọn ni kó béèrè gbogbo ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì. Ohun tí wọn kò béèrè ní pàtó, a ó gbà pé kò ṣe pàtàkì sí wọn. Wọn kò béèrè ọjọ́ orí òrùlé. Wọn kò béèrè bóyá ó ń jò. Wọ́n béèrè bóyá ilé "dára", ta ló sì máa sọ pé ilé ìyá òun kò dára? Abala 55 sì sọ pé rírú ìlànà kan nínú àdéhùn kò tó láti fi ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà, àyàfi tí ìlànà náà bá ṣe pàtàkì, tó sì kan ewu tàbí òfò tí pọ́lísì bò. Ẹ̀yìn tí a ń béèrè owó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì wà ní ipò tó dára títí di ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo fi kún un pé abala 70 fún wọn ní ọjọ́ 90 láti san tàbí láti kọ ìdí tí wọn kò fi ní san, pé lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn kò mẹ́nu ba fọ́ọ̀mù rárá, àti pé tí a kò bá fẹnu kò, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ní NAICOM ni mo ń lọ.

Òfin mìíràn ti rọ́pò ti 2003 báyìí. Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu tuntun ní 2025. Ṣùgbọ́n 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òfin àtijọ́ ló sì darí rẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù sílẹ̀. A kò dé NAICOM. Síbẹ̀, mo sọ fún ọmọkùnrin náà lórí fóònù pé bó ṣe tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìbéèrè yẹn, ká ní iwájú ló fò ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá kọ.

Owó

Àdíjọ́stà ṣírò àtúnṣe ẹ̀yìn: igi, páànù, ìṣó, owó iṣẹ́, ₦900,000. Sílíǹgì yàrá méjèèjì, ₦150,000. Àpapọ̀, ₦1,050,000. Lẹ́yìn náà ló yọ ₦250,000, torí pé páànù tuntun ni Màmá yóò fi rọ́pò àlòkù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó adójútòfò ni wọ́n fi bù ú sí i. Adójútòfò á dá ọ padà sí ibi tí o wà kí òfò tó dé, kò ní gbé ọ kọjá ibẹ̀.

Àmọ́ iye tó yọ ti pọ̀ jù. Ó ti ṣírò ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ilé 1982. Ibí ni Màmá ti gbé páálí bàtà kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo rísíìtì 2016 wà nínú rẹ̀, ti pákó, ti páànù, àti ìwé tí káfíńtà fọwọ́ kọ tó sì buwọ́ lù, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Àdíjọ́stà kà wọ́n, ó sọ ₦250,000 di ₦150,000. ₦900,000 ló kù. Páálí bàtà yẹn mú ₦60,000 wọlé fún un nígbà tí a ṣírò dé òpin, mo sì ti rí onílé tó ní ilé alájà mẹ́ta tí kò lè fi rísíìtì ìṣó kan hàn.

Ìgbà náà ni èyí tó le jù dé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò retí. ₦12,000,000 ni wọ́n ní ilé náà tó láti 2021. Àdíjọ́stà ṣírò ohun tí yóò ná ènìyàn láti tún irú ilé yẹn kọ́ ní 2024, ó dé ₦20,000,000. Kò sì purọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni àpò sìmẹ́ńtì kan fò kọjá ₦10,000 ní ibi púpọ̀. Irin àti páànù kò dúró dè é. Ẹni tó bá ní ilé tó tó ogún mílíọ̀nù, tó ní méjìlá ni, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló gbé fún iléeṣẹ́, ìdá méjì yòókù ṣì wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí òfò bá dé, bó ti wù kó kéré tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò pín in. Áfẹ́réèjì ni a ń pè é nídìí iṣẹ́ wa. Ó sọ ₦900,000 di ₦540,000.

Ọmọ rẹ̀ bínú gan-an. Ó ní kí ló kan òfò mílíọ̀nù kan pẹ̀lú iye tí gbogbo ilé tó, nígbà tí méjìlá ju ẹyọ kan lọ? Ìbéèrè tó dára ni. Owó tó ń san lọ́dọọdún, orí méjìlá ni wọ́n gbé e kà. Tí wọ́n bá san òfò rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ẹni tó ń san owó ogún mílíọ̀nù ni yóò máa gbé ẹrù rẹ̀. Gbogbo ariwo tí a pa, orí ọjọ́ ogbó páànù ni a ti pa á, bẹ́ẹ̀, nínú owó tí wọ́n gbà pé ìjì ló fà, ₦150,000 péré ni ọjọ́ ogbó mú lọ. Iye ilé tí kò kún ló mú ₦360,000.

Wọ́n tún yọ ₦50,000, iye tí pọ́lísì sọ pé onílé fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé nínú òfò èyíkéyìí. Ó ku ₦490,000. Ẹrù yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ₦220,000, wọ́n san gbogbo rẹ̀, torí iye tí wọ́n kọ fún ẹrù kún ojú òṣùwọ̀n. Wọ́n san ₦35,000 tí Màmá fi ra tapólì tó sì fi gbà wọ́n láti ta á sórí ilé ní ọjọ́ kejì ìjì. Ẹni tó bá ná owó kí òfò má baà pọ̀ sí i, owó rẹ̀ kò sọnù. Ìyẹn ni ₦745,000. Tẹlifíṣọ̀n, àga, fìríìjì pálọ̀, ₦630,000 àpapọ̀, kò sí nínú rẹ̀. Òrùlé iwájú kò sí nínú rẹ̀.

Adìrẹ kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ayálégbé náà wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí inú ilé tó ní ìnṣọ́ráǹsì ni ọjà mi wà?" Mo ṣàlàyé fún un pé ẹrù Màmá àti àwọn tó ń bá a gbé ni pọ́lísì náà mọ̀, kò ní apá tó bo gbèsè onílé sí ayálégbé, ọjà òwò sì ní pọ́lísì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Màmá fúnra rẹ̀ ló yanjú èyí: ó fi owó oṣù mẹ́ta jì í nínú owó ilé, ó ní òun mọ̀ pé orí ṣọ́ọ̀bù yẹn ti ń jò tipẹ́.

Owó wọlé ní oṣù kẹjọ. Ẹ̀yìn ni káfíńtà kọ́kọ́ ṣe, ó gé etí òrùlé rẹ̀ kúrú, ó fi sílíǹgì dí abẹ́ rẹ̀, ó sì kun gbogbo igi lóògùn ikán. Ní oṣù kọkànlá, owó dé láti Kánádà, wọ́n ká páànù 1982 kúrò. Iléeṣẹ́ ti sọ pé àwọn kò ní gba iwájú wọlé mọ́ lọ́dún tuntun tí wọn kò bá ṣe é, lẹ́tà yẹn ni mo sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Fọ́tò òkè àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú rísíìtì, wà lọ́wọ́ èmi àti òun báyìí, yàtọ̀ sí ti páálí bàtà.

Ní oṣù kìíní 2025, a kọ ilé náà sí ₦20,000,000. Wọ́n rán ẹnì kan wá, ó gun òkè kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Owó ọdọọdún fò sókè, ọmọkùnrin náà kùn sí mi lórí fóònù títí. Mo ní kó gbé àlékún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦360,000 tó bá áfẹ́réèjì lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, ó san án.